Fóònù Ọlọ́pọlọ Tuntun Tó Dákú Lórí Ìdọ̀bálẹ̀

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ti nà gbọọrọ sórí ẹní, alága ìjókòó sì ti ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta torí pé àyà ẹnì kan nínú wọn kò kanlẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ojú fóònù mi ti ṣókùnkùn. Bátìrì kò tán o, ó ṣì ku ìdá 80 nínú 100. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbóná jù, ó sì pa kámẹ́rà dé. Bàbá ọkọ ìyàwó wà ní Toronto, láìfù tí mò ń ṣe yìí nìkan ni wọ́n sì fi ń rí ọmọ wọn. N kò tíì tú fóònù kúrò lórí sítáǹdì tán tí wọ́n fi pe ọkọ mi: "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n ti lé wọn ni?"

Gwarinpa ni, lábẹ́ kánópì, ìparí oṣù kẹta, aago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ti gbé Àbújá rí mọ àsìkò tí mò ń sọ: ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, atẹ́gùn tó ń fẹ́ dà bí èyí tó ti ẹnu ààrò jáde.

Àbúrò mi ọkùnrin ló yọ tirẹ̀. Fóònù àtijọ́ mi ni, èyí tí mo fi ta á lọ́rẹ nígbà tí mo ra tuntun, tí mo ti ń bú láti ọdún méjì. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àbúrò mi náà sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó gbé ìdána yẹn délé láìsinmi.

Wuse 2 ni mo ti ra tuntun náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọ Ọ̀ffà kan ló dá mi lóhùn. Mo ní ohun tí mo ní kò burú, ó kàn máa ń lọ́ra tí mo bá ń gé fídíò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Mọ́mì, ọpọlọ tiyín ti dàgbà. A76 méjì àti A55 mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Armv9 lèyí." Ṣíìpù tó ń ṣe ìṣirò nínú fóònù ló ń pè ní ọpọlọ; A76 àti A55 ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, Armv9 sì ni ìran ọpọlọ tó tuntun ju ti tèmi lọ. Ó fi áàpù kan dán méjèèjì wò, máàkì tuntun náà sì ju ìlọ́po méjì tèmi lọ. Ẹ́síì ń fẹ́ sí wa lórí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi wá pamọ́ sínú fírísà. N kò ka ẹ́síì yẹn sí nígbà náà.

Kò purọ́ fún mi, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ọdún 2021 ni Arm, ilé-iṣẹ́ tó ń ya àwòrán irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, gbé Armv9 jáde. Nínú fóònù mi yìí, Cortex-X2 kan ni ọ̀gá, A710 mẹ́ta tẹ̀ lé e, A510 mẹ́rin sì wà fún iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́. Ọ̀gá yẹn yára lóòótọ́. Àmọ́ tó bá ń sáré, ooru ló ń dà, fóònù kò sì ní fáànù nínú bíi kọ̀ǹpútà. Tí ara rẹ̀ bá ti gbóná dé ibì kan, òun fúnra rẹ̀ á dẹ ìrìn. Tí ooru náà ò bá lọ, á ti ilẹ̀kùn. Ìdánwò tí ọmọ Ọ̀ffà ṣe kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìdána wákàtí mẹ́ta ńkọ́?

Mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ń jẹ ẹ̀pà, kò gbójú sókè.

"Ẹ ní rìsíìtì?"

Mo mú un jáde.

"Ẹ yọ pọ́ọ̀ṣì yẹn."

Mo yọ ọ́.

"Pọ́ọ̀ṣì yẹn ló fà á."

"Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi."

Ó bu ẹ̀pà mìíràn sẹ́nu.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n gbé fóònù wọ yàrá inú, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó tì í nínú ẹ́síì, wọ́n jáde wá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní Sátidé, mo mú àbúrò mi dání, òun àti fóònù àtijọ́. Mo ní n kò ní wọlé, àfi kí ọ̀gá wọn bá mi níta.

Ọ̀gá náà jáde lóòótọ́. Hausa ni, ṣùgbọ́n Sábó Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju ti ọmọ Ọ̀ffà lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fojú ara wa rí i." A gbé fóònù méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi, a tan láìfù, ọmọ Ọ̀ffà sì di agboòrùn mú lé wọn lórí. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ní ìkejìlélógún, ó kú. Ògbólógbòó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ Ọ̀ffà ń làágùn, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní Apple gan-an kọ ọ́ pé kí ooru ibi tí èèyàn ti ń lo iPhone má kọjá ìwọ̀n 35 ti Celsius. "Níbi tí a dúró sí yìí, 35 ti wà kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀." Mo ní owó mi ni mo fẹ́. Ó nawọ́ sí rìsíìtì: ọjọ́ méje péré ni wọ́n fi ń gba ọjà padà, èmi sì ti lò ó fún oṣù kan. Ó wọlé, ó mú fáànù kékeré kan tí wọ́n ń fi mọ́ ẹ̀yìn fóònù wá, ó fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi kò dùn. Mo gbà á.

Ẹ wò ó, fáànù yẹn! Ìkómọ kan ní Kubwa, wákàtí mẹ́ta gbáko, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń wò ó láti òkè òkun ní àwọn rí oyin tó ń kán láti orí ṣíbí. Nílé lálẹ́, mo gé fídíò ogójì ìṣẹ́jú, ó parí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo gba èyí àtijọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, mo fún un ní fídíò kan náà: ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì torí n kò gbà gbọ́. Bákan náà ni.

Ti WhatsApp, n kò rí ìyàtọ̀. Áàpù ìwé orin ìjọ wa náà kò yàtọ̀. Àtijọ́ ni, 32-bit, èdè ọpọlọ ayé àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀gá X2 tí mo sanwó lé lórí kò tilẹ̀ lè fọwọ́ kàn án; àwọn A710 nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀. Bí áàpù ńlá sì ṣe ń ṣí wàrà, UFS 3.1, irú ibi ìpamọ́ tó yára tó wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ pín nínú ìyìn yẹn, torí UFS 2.2 ló wà nínú ti tẹ́lẹ̀.

Fóònù: ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ṣọ́ọ̀bù: ìràwọ̀ 4, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ tó di agboòrùn mú. Àbúrò mi kò tíì dá sítáǹdì mi padà.