Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta idẹ .300 "tí wọ́n yìn lẹ́ẹ̀kan péré"

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín ki kátíríìjì níbí ní Texas, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìtìjú fi dí mi lẹ́nu. Ìyàwó mi ló ní tí mo bá dákẹ́, ojú ẹlòmíì ni yóò fọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta idẹ .300 Winchester Magnum, ìyẹn ìkarahun kátíríìjì tí wọ́n ti yìn, tí à ń rà láti tún ki. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yìn wọ́n. Irọ́ ni. Irọ́ funfun báláú ni! Idẹ tó tà fún mi já sí méjì nínú ìbọn mi, èéfín gbígbóná sì fẹ́ sí mi lójú. Dọ́là 240 ló gbà fún 200 idẹ. Ó tún gba 110 fún 1,000 primer, ìyẹn nǹkan kékeré ìdí kátíríìjì tó ń tanná ran ẹ̀tù, tí n kò fojú kàn títí di òní.

Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí nítorí mo ti pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ẹnu ara mi ba ẹjọ́ mi jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Oṣù Kẹjọ ni mo pàdé rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn ìlú Houston. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ló bá dìde nídìí tábìlì tirẹ̀, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ níṣojú àwọn òyìnbó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó ọta o. Mi ò mọ̀ pé èèyàn wa wà níbí." Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí irú pápá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó lè pé oṣù mẹ́fà kí ẹ tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ó bi mí nípa ilé. Mo ní ọmọ Ìgbòho ni mí, ọdẹ ni bàbá mi, ìbọn ṣakabùlà ló fi tọ́ wa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìjálá. Ó ki ẹtu, ó ki ìkookò, ohùn rẹ̀ sì dùn. Orí mi wú. Mo rántí bàbá mi níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wọn ẹ̀tù sínú ìbọn, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan sún mọ́ òun. Ọkùnrin yìí rí ibi tó ti lè mú mi, ó sì mú mi níbẹ̀.

Nígbà tí a tún pàdé, ó gbé idẹ wá nínú àpò ọ̀rá, ó dà wọ́n sórí táwẹ̀lì. Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ń kọ mànà! Inú wọn mọ́, ẹnu wọn mọ́, ihò tí primer ń jókòó sí mọ́ bí ẹni fi ahọ́n lá a. "Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló ń yìn wọ́n. Kátíríìjì tuntun ló máa ń rà, kì í ki, tó bá ti yìn ín tán, ó di tèmi." Dídán yẹn ni mo gbà gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹ sọ fún mi! Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá da idẹ sínú àgbá ẹ̀rọ tó ń yí, pẹ̀lú omi, ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ti yìn lẹ́ẹ̀mẹwàá á jáde bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Irú ẹ̀rọ yẹn wà nínú gáréèjì tèmi! Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ki kátíríìjì. Mo mọ̀ ọ́n, ọkàn mi ló ti rọ̀ sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ sábẹ́ ibí pé òmùgọ̀ ni mí. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló fẹ́ ta ẹ̀tù fún mi nínú ìgò tí wọ́n ti ṣí, tó fi báírò kọ nǹkan sí lára. Mo ní rárá. Ẹ̀tù aláìléèéfín jọra wọn lójú, kò sí ẹni tó lè wò ó kó mọ èyí tó jẹ́, ọ̀kan sì wà tí ìwọ̀n èkejì nínú rẹ̀ á fọ́ ìbọn yángá. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Nítorí náà mo ṣọ́ra. Mo ṣọ́ra níbì kan, mo sùn níbì kejì, ibi tí mo ti sùn ló ti bà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí .300 yìí kò fi gba àfojúdi. Ọdún 1963 ni Winchester gbé e jáde. Ó ní ìgbànú idẹ kan ní ìdí, irú èyí tí .375 Holland & Holland ti ní láti 1912. Ìgbànú yẹn ló ń dá kátíríìjì dúró nínú ìbọn, nítorí náà èjìká rẹ̀, ìyẹn ibi tí ara rẹ̀ ti sún sí ọrùn, lè má kan iwájú, àyè á wà níbẹ̀. Tí ẹ bá yìn ín, ìdí á dúró, iwájú á nà lọ bá àyè yẹn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ padà nínú dáì, ìyẹn irin tó ń dá idẹ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ tún yìn ín, á tún nà. Ojú kan náà ló sì máa ń nà, lókè ìgbànú gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni yóò máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú, níbi tí ojú yín kò tó, títí yóò fi já lọ́jọ́ kan. Ẹni tó mọ dáì rẹ̀ í tò lè dín nínà yẹn kù, idẹ rẹ̀ á sì pẹ́. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ọwọ́ tí idẹ àlòkù ti kọjá?

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá ni mo jókòó ti àádọ́ta àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀ kí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá tó dé, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín níbí. Mo ti sanwó ilẹ̀ tí mo fẹ́ dẹ. Primer díẹ̀ tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi ni mo ń lò. Èyí tí mo tì sí ìdí idẹ kẹta wọlé wọ́ọ́. Ó yẹ kó le díẹ̀, kí àtàǹpàkò mọ̀ pé nǹkan há. Èyí wọlé bí ìgbà tí ọmọdé ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀. Mo dúró. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo wò ó. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ mí ni, mo bá ń bá a lọ! Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ibí yìí ni kó ti bú mi. Ihò tó ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún mi pé wọ́n ti yìn idẹ yẹn léraléra, pẹ̀lú agbára tó pọ̀. Ọwọ́ mi gbọ́, èmi ni mi ò gbà.

Ọta kọkànlá ló ṣẹlẹ̀. Pátákó mi wà ní 100 yáàdì, mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọlé sí ibi tó dáa. Mo yìn ín, ohùn rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ooru gbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, òórùn ẹ̀tù kún imú mi, nǹkan dúdú sì bo awò ojú mi. Mo ṣí ìbọn. Ìdí idẹ nìkan ló jáde, kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ, etí rẹ̀ rí gánkugànku bí ọmọrí agolo tí wọ́n fọ̀bẹ ṣí. Ìyókù há sínú ìbọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gba ìbọn náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yẹn kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tọ́ka sí awò ojú mi, ó sì mi orí. Ká ní mo bọ́ ọ kalẹ̀ nítorí òógùn, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn, ẹlòmíì ni ì bá máa bá mi kọ èyí.

Mo gbé ìbọn lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn. Dọ́là 85 ló gbà láti fa àjákù yẹn jáde kó sì yẹ ìbọn wò. Ẹ ro ó pọ̀: 240, 110, 85. Mo kó idẹ tí mi ò tíì ki dání. Ó mú ọ̀kan, ó há a mọ́ irin, ó fi ayùn là á ní gbọọrọ láti ẹnu dé ìdí, ó gbé ìlàjì kan lé mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nípọn. Ara rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ sókè bó ṣe yẹ. Àfi lókè ìgbànú, tí kòtò kan ti yí inú rẹ̀ ká, bí ojú ibi tí okùn ti fún ọrùn ewúrẹ́. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: idẹ ibẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ nípọn ju bébà lọ. Ó la márùn-ún. Mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀.

Mo délé, mo da àpò náà sílẹ̀ tán. Èyí tó wà lókè, tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò tí mo sì kọ́kọ́ ki, ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe wọ́n. Nísàlẹ̀ ni mo ti rí àmì ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Bí àwọn kan ṣe ń fi tòmátì pupa bo èyí tó ti rà nínú apẹ̀rẹ̀! Mo wọn gígùn wọn, ọ̀pọ̀ ti kọjá 2.620 ínǹṣì tó jẹ́ òpin fún .300. Idẹ tí wọ́n yìn lẹ́ẹ̀kan péré, níbo ló ti nà dé ibẹ̀?

Mo pè é. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù yín ló pọ̀ jù." Ẹ̀tù mi! Èmi tí mò ń wọn ẹ̀tù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mi ò kọjá ohun tó wà nínú ìwé ìlànà rí, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìwọ̀n! Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí, kí ni 240 jẹ́ lójú yín?" Ó gé fóònù. Láti ìgbà yẹn kò gbé ìpè mi mọ́. Ẹni tó sun ìjálá fún mi, tó fọwọ́ kan ilẹ̀ fún mi!

Ti primer ńkọ́? Ó ti fi nọ́ńbà ìtọpa kan ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Mo ń wò ó lójoojúmọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kì í gbé primer, kì í gbé ẹ̀tù, òfin ni! Àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù aládàáni ló ń gbé e, wọ́n sì ń gba owó ẹrù eléwu lórí ẹ̀. Mo ti san owó ẹrù eléwu yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Síbẹ̀ nígbà tó ní òun kò ní gbà á lọ́wọ́ mi, inú mi dùn pé mo jèrè. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Zelle, ètò tí a fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ni mo fi sanwó. Báńkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe.

Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ilé ni mo wà. Ìbọn mi wà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, owó ilẹ̀ tí mo san sì wọgbó. Ọmọ mi ọkùnrin tó ti ń ka ọjọ́ bi mí pé kí ló dé, mo ní ara mi ò yá.

Ní báyìí mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọjà ìbọn òpin ọ̀sẹ̀, ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ti ẹni tó ń pe Olúwa. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ wà láàárín wọn, mo sì ti rà lọ́wọ́ wọn rí. Ṣùgbọ́n lónìí, tí bàbá mi bá jí dìde tó bá ní òun ní idẹ .300 àlòkù, màá ní kí ó jẹ́ kí n là á ná.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ má ka dídán sí nǹkan kan. Ẹ mú wáyà tí wọ́n fi ń há ìwé pọ̀, ẹ nà án, ẹ tẹ orí rẹ̀ bí ìkọ́ kékeré, ẹ kì í bọ inú idẹ dé ìdí, kí ẹ máa fà á bọ̀ lókè mọ́ ara ògiri rẹ̀. Tó bá kọ́ nǹkan lókè ìgbànú, ẹ sọ idẹ náà nù. Ẹ wo ìta náà, òrùka kan tó ń dán yàtọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tí primer bá wọlé láìle, ẹ jù ú nù, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ̀tù inú ìgò tí wọ́n ti ṣí, rárá. Zelle fún ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀, rárá. Awò ojú, ẹ má bọ́ ọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti ra .300 lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kan ní pápá ìyìnbọn lágbègbè Houston láti oṣù Kẹjọ, tó wà nínú àpò ọ̀rá, tó ń dán bíi góòlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín. Kódà tí ẹ bá ti ki í. Ẹ mú ọ̀kan tí kò tíì sí ẹ̀tù tàbí primer nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní ayùn, kó là á lónìí.