Àpótí oògùn olójú méje: ẹ rà á, àmọ́ ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé e sí

Àpótí oníke kékeré ni, ojú kan fún ọjọ́ kan, irú èyí tí àwọn ilé oògùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń tà fún àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ìránnilétí lọ̀pọ̀ èèyàn rà á fún, bẹ́ẹ̀ kì í dún, kì í pe ẹnikẹ́ni. Ibòmíì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ni ọjọ́ ogbó máa ń tètè mú. Ìrántí ọwọ́, ìyẹn ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe, kì í yá lọ: ìyá tó ti gbàgbé orúkọ àlejò àná ṣì ń ro ọkà láfún tí kò ní kókó. Ní 1953, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà, kò sì lè fi nǹkan tuntun sọ́kàn mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ní kó máa wo dígí fi tọ ojú ìlà àwòrán ìràwọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, kò kàn rántí pé òun ṣe é rí ni.

Ewu wà níbẹ̀ o. Ọwọ́ tí oògùn lílò ti mọ́ lára lè lò ó tán kó tún lò ó, torí ọwọ́ kì í sọ bóyá òun ti ṣe é lónìí. Ojú àpótí tó ṣófo ló ń dáhùn ìyẹn.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àgbà náà ń ṣe láàárọ̀ láìronú, bíi búútà àlùwàlá tàbí kọ́ọ̀bù ẹ̀kọ mímu, kẹ́ ẹ má sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, ẹ má bi wọ́n pé èwo ló kàn. Ẹ nàka sí ojú tó tọ́, kí wọ́n ṣí i fúnra wọn. Ìrántí ọwọ́ kì í ṣa àṣìṣe dànù: ojú tí ọwọ́ bá ṣì ṣí, ibẹ̀ náà ló máa fẹ́ padà sí. Ọwọ́ àgbà ṣì ń kọ́ nǹkan tuntun, ó kàn ń pẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ.

Àbùkù tó burú jù ni lẹ́tà orí ìdérí: S M T W T F S. T méjì, S méjì! Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ Àìkú, Ajé títí dé Àbámẹ́ta ní gàdàgbà. Ìdérí míì sì le jù fún àtàǹpàkò tí làkúrègbé ń bá jà; ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó rọ̀, ọmọ kékeré náà á ṣí i, torí náà orí tábìlì gíga ni kí òun àti ohun tẹ́ ẹ gbé e tì wà.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ló ń wọ inú rẹ̀. Glyceryl trinitrate, oògùn àyà dídùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, inú ìgò rẹ̀ ni kó wà. Sodium valproate, oògùn wárápá, máa ń fa omi mọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí. Ẹni tó ń lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, olójú mẹ́rìnlá ni kó rà.