Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó ń tú họ́mọ́nù: ṣé ká yọ àpò náà ni, àbí ká dá a sí?

Oríṣi kan tó ṣọ̀wọ́n máa ń tú hCG, họ́mọ́nù oyún, sínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò oyún lè sọ pé bàbá arúgbó lóyún! Jẹjẹrẹ yìí sì máa ń le.

Bí kò bá tíì tàn ká, iṣẹ́ abẹ lè yọ àpò náà pátápátá. Ní ti ọkùnrin, wọ́n sábà máa ń yọ próstéètì, ẹ̀yà ara tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, pẹ̀lú rẹ̀. Ìtọ̀ lè wá máa gba ihò ara ikùn bọ́ sínú àpò ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara níta. Kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) pẹ̀lú ìtànṣán lè dá àpò náà sí, àmọ́ cisplatin, ọ̀kan lára oògùn kẹ́mò, kì í ṣojúure sí kíndìnrín tó ti gbó, wọ́n á sì máa fi kámẹ́rà yẹ inú àpò wò léraléra. Bí hCG bá ń lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ àmì pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Fún ẹni ọdún 80 tí ọkàn rẹ̀ ò lè gba abẹ, kẹ́mò pẹ̀lú ìtànṣán ni màá kọ́kọ́ bi dókítà.