Sìkútà alágbèéká: bátìrì òjé àtijọ́ àti lítíọ́mù òde òní
Ìwúwo ni ìyàtọ̀ tó ga jù láàárín sìkútà àtijọ́ tó ń lo bátìrì òjé àti tuntun tó ń lo lítíọ́mù, nítorí kílò kan bátìrì òjé kì í sábà gba ju wáàtì-wákàtí (ìwọ̀n agbára iná) 40 lọ, nígbà tí ti lítíọ́mù lè gba 150. Ẹni tó ń gbé e gun àtẹ̀gùn yóò mọ̀ ọ́n lára. Orí òkè ni kí a ti dán ti àtijọ́ wò, lẹ́yìn tí iná rẹ̀ bá ti lọ sí ìdajì, torí ibẹ̀ ni àbùkù bátìrì tó ti gbó ti ń hàn. Ṣéènì sìkútà àtijọ́ ń pariwo, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tún ṣe, àǹfààní tí èmi kò lè fojú kéré.