Fóòmù dúdú tí mo fi wé páìpù AC Sienna mi, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa wé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ l'Ékòó, ẹ mọ bí AC ṣe máa ń ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń sáré lórí Third Mainland á tutù nini, ẹ ṣáà bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Oshodi lọ́sàn-án, atẹ́gùn tó ń jáde á kàn máa ṣe lọ́wọ́ọ́rọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ rọ gáàsì. Gáàsì tèmi pé o, wọ́n fi géèjì wò ó, wọ́n fọ kọ́ńdẹ́ńsà (èyí tó wà níwájú radiétọ̀, tí ooru AC máa ń gbà jáde), fáànù iwájú ń yí dáadáa, síbẹ̀ ooru ò yéé mú àwọn ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra fóòmù yìí.

Rọ́bà dúdú tó rọ̀ yẹn ni mò ń sọ, èyí tí àwọn tó ń gbé AC sára ògiri fi ń wé páìpù kọ́pà. Ihò tín-tìn-tín inú ẹ̀ dí pa, omi ò lè wọ̀ ọ́, ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ nìyẹn, torí páìpù tútù máa ń làágùn gan-an, tó bá jẹ́ fóòmù tìmùtìmù lèèyàn fi wé e, á fa omi yẹn mu, á sì di í mọ́ ara páìpù títí omi á fi jẹ páìpù náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni páìpù tó yẹ ká wé. Èyí tó sanra, tó tutù, tó ń gbé gáàsì padà lọ sínú kọ́mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì AC tó sì ń tì í jáde, òun ni kẹ́ ẹ wé. Gáàsì inú ẹ̀ ti tutù, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì gbóná, gbogbo ooru tó bá gbà lọ́nà á jẹ́ kó fẹ̀, kọ́mpúrẹ́sọ̀ ò ní rí púpọ̀ fà, òun fúnra ẹ̀ á tún máa gbóná jù. Àmọ́ èyí tó jáde láti kọ́mpúrẹ́sọ̀ lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà, tó gbóná débi pé ọwọ́ ò lè dì í mú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá! Ooru ara ẹ̀ ló yẹ kó jáde. Ọ̀gá AC tó bá mi ṣe é ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ n kúkú wé gbogbo ẹ̀ kó lè bára mu," mo ní rárá o, ọ̀gá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jọ̀ọ́.

Sienna tèmi ní AC ẹ̀yìn, páìpù ẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ lọ títí, ooru sàlẹ́ńsà ń fẹ́ ẹ, ooru títì náà ń fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí èrè jù. Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró kó tutù, ó nu páìpù gbẹ, ó fi bíléèdì la fóòmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi í bọ páìpù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ẹ̀ pọ̀, ó wá fi téèpù alumíníọ̀mù yí i ká nítorí òkúta àti ẹrẹ̀. Ó fi ẹnu tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sílẹ̀ gbangba. Fóòmù yìí ò lè fara da ooru tó bá fi bẹ́ẹ̀ ju 105°C lọ, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ sàlẹ́ńsà rárá.

Mo fi tẹmómítà kékeré sí ojú AC. Nínú gó-sílò ọ̀sán, ibi tó ti máa ń wà ní 15°C tẹ́lẹ̀, ó ti ń wá sí 12 tàbí 13 báyìí. Lẹ́yìn gan-an ló ti hàn jù, àwọn ọmọ ò bọ́ṣọ mọ́ kí n tó délé. Tí mo bá ń sáré lórí ẹ̀spúrẹ́ẹ̀sì, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkọ̀ máa di fírísà.

Ohun tó bí mi nínú ni téèpù. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi ń dán bí alumíníọ̀mù àmọ́ ọ̀rá lásán ni, ìtòsí radiétọ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi èékánná ká etí ẹ̀ kọ́rọ́, ti gidi á dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀rá á nà padà. Ẹ sì ra fóòmù tó nípọn díẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ ò níṣẹ́ tó ń ṣe.

Àpapọ̀ owó fóòmù, téèpù àti iṣẹ́ ọwọ́ ò tó owó tí mò ń san láti rọ gáàsì lẹ́ẹ̀kan. Tọ́kọ̀ yín bá jẹ́ kékeré tí ò ní AC ẹ̀yìn, páìpù tútù yẹn ò gùn rárá, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò ní tó tèmi, ẹ fọ kọ́ńdẹ́ńsà yín ná kẹ́ ẹ tó náwó lé fóòmù.