Ìgbín tó di àlejò burúkú: ká fọwọ́ ṣà á ni àbí ká pe apẹran sí i?

Ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ìgbín kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Owó tí ìyá oníṣòwò pè é la máa ń jà sí. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kan láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Lissachatina fulica, ti di wàhálà lókè òkun: ó ń jẹ irè oko, ó sì ń gbé aràn tó lè ba ọpọlọ èèyàn jẹ́.

Ní Hawaii, lọ́dún 1955, wọ́n kó ìgbín mìíràn tó ń jẹ ìgbín, Euglandina rosea, wá láti Florida kó lè bá wọn pa á. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní Moorea náà, erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, lọ́dún 1977. Apẹran ọ̀hún ò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ipa omi yíyọ̀ tí àwọn ìgbín kéékèèké tó ń gbé orí igi, Partula, ń fi sílẹ̀ ló ń tọ̀, ó ń gungi bá wọn, ó sì ń gbé wọn mì. Nígbà tó fi máa di 1987, Partula ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú igbó Moorea mọ́. Àlejò àkọ́kọ́ ṣì wà.

Florida ní tirẹ̀ ṣa ìgbín Áfíríkà ọ̀hún ni. Láti 2011, ní Miami, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tú abẹ́ ewé gbígbẹ, ajá ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì ń da oògùn. Ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde pé ó tán. Owó ńlá bá a lọ, ó sì tún yọjú ní apá ibòmíràn ní 2022.

Síbẹ̀, ṣíṣà ni mo fara mọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a lè dá a dúró. Apẹran tó ti wọgbó, ta ló fẹ́ pè é padà? Ẹ bi àwọn tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì wọgbó Ìdànrè lálẹ́ òjò, wọ́n mọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe ń dín ìgbín kù.