ÌKÌLỌ̀ O: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta "páákì prátíkà" fisiọ́lọ́jì fáwọn ọmọ 200 level

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ 200 level, ẹ̀yin MBBS, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin fisiọ́lọ́jì gan-gan, àtẹ̀yin òbí tí wọ́n ń pè pé kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ dúró ná. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń kiri inú gúrúpù WhatsApp àwọn kíláàsì báyìí, ó ń ta nǹkan tó pè ní páákì prátíkà. Ẹ̀rọ BP olójú aago (èyí tá a fi ń wọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wà níbẹ̀ pẹ̀lú stethoscope, oximeter tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tẹmómítà tí wọ́n ń nà síwájú orí, gíláàsì Neubauer tá a fi ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ìgò antisera mẹ́ta (omi tá a ń kán sí ẹ̀jẹ̀ láti mọ blood group), capillary tube (ọ̀pá tín-ín-rín tó ń fa ẹ̀jẹ̀), àti lancet tá a fi ń gún ìka. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, owó tó ń gbà ò tó iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ BP gidi nìkan lọ́jà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti máa fu èèyàn lára.

Láàbù fisiọ́lọ́jì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èmi ni wọ́n máa ń kó nǹkan wá bá kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí prátíkà tó bẹ̀rẹ̀, torí náà ọjà yìí ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kì í ṣe pé ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí o, orúkọ tó ń jẹ́ ní gúrúpù kan kọ́ ló ń jẹ́ ní ìkejì, tí mo bá kọ ọ̀kan síbí ó ti máa di ẹlòmíì kílẹ̀ tó mọ́. Ìṣe ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀. Kété tí dípátímẹ́ǹtì bá ti lẹ líìsì prátíkà báyìí ló máa dé, "ẹ̀yin dókítà mi ọ̀la" ló fi ń kí yín, ó máa fún course rep ní páákì kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí course rep lè máa bá a polówó (ẹ̀yin course rep ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ), ẹ gbọ́dọ̀ san gbogbo owó kó tó gbé ọjà, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní àdírẹ́sì, ọlọ́kadà ló máa wá já a sílẹ̀ ní géètì.

Fídíò ẹ̀ ló ń mú àwọn ọmọ. Ó máa fi oximeter há ọwọ́ èèyàn mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, 98, 98, 98. Ó máa na tẹmómítà sí wọn lórí, 36.5, 36.5, 36.5. Á wá máa pariwo pé ẹ wò ó bó ṣe dúró digbí, kò yí padà, orijínà lẹ̀ ń wò yẹn! Àwọn ọmọ á sì máa fi iná sí i lábẹ́ fídíò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó fi ń yangàn yẹn gan-an ló ń tú àṣírí ẹ̀. Kí ìwọ̀n máa jọra wọn lọ́tọ̀, kí ìwọ̀n jẹ́ òótọ́ lọ́tọ̀, ohun àkọ́kọ́ tá a sì ń kọ́ yín ní prátíkà nìyẹn. Ìyá tó ń ta gàárì tó ti lu ìdí kóńgò ẹ̀ wọnú, gbogbo kóńgò tó bá wọ̀n fún yín lọ́jọ́ náà bákan náà ló máa rí, ẹyọ kan ò ní ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó pé níbẹ̀. Tèyí tiẹ̀ tún burú sí i torí ara èèyàn alààyè kì í dúró sójú kan, bí ẹ bá mí sínú ọkàn yín á yára díẹ̀, bí ẹ bá mí jáde á rọra, BP àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá wọ̀n sábà máa ń ga ju èyí tẹ́ ẹ wọ̀n tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kẹ́ ẹ ro ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá fi iye ìgbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Ẹ̀rọ tó bá fún èèyàn mẹ́ta ní nọ́ńbà kan náà láì sún rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò wọn ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí oximeter. Bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ ni pé ó ń tan iná méjì gba inú ìka yín kọjá, iná pupa tó wà ní bíi 660 nanometer àti infrared tójú ò lè rí, bíi 940. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dáadáa àtèyí tí ò gbé e kì í fa iná méjèèjì mu bákan náà, ìyẹn ló fi ń ṣírò. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1974, ohun tó sì rí ni pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń lù wọlé nínú iṣan nìkan ni ká máa wò. Nítorí náà bí ò bá sí ohun tó ń lù, kò yẹ kí nọ́ńbà kankan dúró síbẹ̀. Ẹ fi báírò há a lẹ́nu. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó wà nínú páákì yìí, báírò mi ní ọ́síjìn 98, ọkàn ẹ̀ sì ń lù ní 76! Àwa tá a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Èyí tó jẹ́ gidi lè ṣe gìrì kó gbé nǹkan kan wá lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kò ní jókòó sórí nọ́ńbà tó rẹwà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ka ìlù ọkàn yín fúnra yín lọ́rùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ fi wé tiẹ̀, ẹ lọ gun àtẹ̀gùn kẹ́ ẹ padà wá ṣe é. Bí tiẹ̀ ò bá kúrò lójú kan, ẹ gbé e fún un. Ẹ má sì gbàgbé pé èyí tó jẹ́ gidi pàápàá máa ń fi ọ́síjìn àwa aláwọ̀ dúdú ga ju bó ṣe rí lọ nígbà míì, ìwádìí kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn ní 2020, tó fi jẹ́ pé àwọn kan wà tí ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Ká wá tún fi ayédèrú lé e kẹ̀?

Ẹ̀rọ BP ńkọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù torí òun lẹ máa lò pẹ́ jù. Ẹ wo ojú aago ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọn atẹ́gùn sí i rárá, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí òdo. Nínú páákì yìí mo rí èyí tó sinmi sórí 10, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá wọ̀n lẹ ti fi 10 kún tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 132 ẹ máa ní 142 ni, ẹ ti sọ ọ́ di ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Àwọn míì ló gbọ́n jùyẹn lọ, wọ́n ti kan píìnì kékeré kan síbi òdo tí ọwọ́ aago ò fi ní lè lọ sísàlẹ̀, ẹ ó rò pé ó wà lórí òdo, bẹ́ẹ̀ píìnì ló dá a dúró, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sinmi sí gan-an. Ẹ we ọ̀já ẹ̀ mọ́ ìgò kan tó le, ẹ fọn ọ́n dé 200, ẹ dé sukúrúù ẹ̀ pinpin, ẹ máa wò ó. Bó bá ń sáré bọ̀ wálẹ̀ fúnra ẹ̀, atẹ́gùn ń yọ lára rọ́bà nìyẹn, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ jẹ́ kó máa sọ̀ ní 2 sí 3 mmHg ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín. Ẹ ó kàn máa gbọ́ kó kó kó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tán. Ìró yẹn tí Korotkov ará Rọ́ṣíà ṣàlàyé ní 1905, ẹ gbọ́dọ̀ ráyè gbọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti pòórá, ìyẹn nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀.

Ọ̀já ẹ̀ náà ńkọ́? "Adult" ni wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀ gàdàgbà. Mo tú u, mo fa rọ́bà inú ẹ̀ jáde, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, 9 sẹ̀ǹtímítà ni fífẹ̀ ẹ̀. Rọ́bà ọmọdé ni wọ́n rán sínú aṣọ àgbàlagbà o! Fífẹ̀ rọ́bà yẹn yẹ kó tó bíi ìdá 40 nínú 100 àyíká apá, kí gígùn ẹ̀ sì tó bíi ìdá 80, ìyẹn bí apá yín bá jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà yíká, kí rọ́bà fẹ̀ tó 12 kó sì gùn tó 24. Tó bá kéré jù, BP máa ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ tún wá fi 10 ti ọwọ́ aago lé e. Ẹ ó kàn máa dẹ́rù ba àwọn ìyá arúgbó kiri nígbà outreach ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá kan antisera. Ibí ni mi ò ti lè fi ṣeré. Ìgò mẹ́ta yẹn, anti-A máa ń ní àwọ̀ búlúù, anti-B yẹ́lò, anti-D kò ní àwọ̀. Àwọ̀ yẹn, àró lásán ni wọ́n fi sí i kẹ́ ẹ má baà ṣì wọ́n mú, kì í ṣe òun ló ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní àró oúnjẹ àti omi lè po irú ẹ̀ nílé ìdáná. Èyí tó tiẹ̀ jẹ́ gidi, inú fíríìjì láàárín 2 sí 8°C ló gbọ́dọ̀ máa gbé, èyí tí ọlọ́kadà gbé nínú oòrùn ọ̀sán láti ìlú kan dé ìkejì nínú báàgì nylon, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Àwọn ọmọ kan lo tiẹ̀ ní kíláàsì, gbogbo àwọn tó wà lórí tábìlì ọ̀hún pátá di O negative! Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ṣù jọ, kò sí èyí tó dì, gbogbo ẹ̀ ń ṣàn geere lórí táìlì. Inú wọn sì ń dùn pé ó jọra. Mo bi wọ́n pé ẹ̀yin tí Rh negative (ẹ̀jẹ̀ tí anti-D ò lè mú ṣù jọ) ò wọ́pọ̀ rárá láàárín wa, níbo lẹ ti rí odidi tábìlì kan? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oògùn tó ti kú kì í sọ pé òun ti kú, èsì O negative ló máa ń gbé jáde, torí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ṣù jọ pẹ̀lú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti fẹ́ lọ kọ ọ́ sára ID card ẹ̀. Ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò dájú pé A positive ni, àti ti ẹni tó dájú pé B ni. Bí anti-A ò bá mú ti A ṣù jọ kíákíá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba blood group tàbí genotype láti ọwọ́ yín pé torí ìgbéyàwó o.

Lancet inú ẹ̀, àwọn kan ò ní ìdérí lẹ́nu. Ẹ kó o dànù, kò lórúkọ míì.

Gíláàsì Neubauer ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú, ìlà ẹ̀ hàn dáadáa, ẹ̀tàn ẹ̀ wà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bò ó. Èyí tó tọ́ nípọn, ó le. Òun fi coverslip tẹ́ẹ́rẹ́ tá a ń lò fún slide sí i, ìyẹn sì máa ń tẹ̀, kò ní jẹ́ kí jíjìn àyè yẹn dúró lórí 0.1 mílímítà. Bẹ́ ẹ bá wá ka sẹ́ẹ̀lì pupa 500 nínú àpótí 5 lára àwọn tí ìlà gíláàsì yẹn pín, tẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní 10,000 bó ṣe yẹ, ẹ ní 5 mílíọ̀nù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí jíjìn ẹ̀ bá ti di 0.12, sẹ́ẹ̀lì 600 lẹ ó bá níbẹ̀, ẹ ó kọ 6 mílíọ̀nù, ẹ ó wá máa wá ìdí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ gíláàsì gidi mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ ó rí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè níbi tí gíláàsì méjèèjì ti pàdé. Bí ò bá sí òṣùmàrè, ẹ má tíì kà á.

Capillary tube: olórùka pupa ló ní heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), olórùka búlúù ò ní. Búlúù ló kó sínú páákì, ẹ̀jẹ̀ ìka yín á sì ti dì mọ́ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e dé centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí i kíákíá. Tẹmómítà yẹn ní tiẹ̀, ẹ nà án sí pure water tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, bó bá sọ pé 36.5 lẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Àwọn tó pè é padà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn, pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò, pé ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ yín dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa blọ́ọ̀kì yín. Bẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ kọ̀wé sí báǹkì yín kíákíá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ kó gbogbo screenshot àti rìsíìtì transfer jọ, FCCPC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà) ló ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ, MLSCN (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn ní Nàìjíríà) ló sì láṣẹ lórí reagent láàbù, títà ẹ̀ àti kíkó o wọlé, ẹ fi fọ́tò ìgò antisera yẹn ránṣẹ́ sí wọn, kí lot number àti déètì ẹ̀ hàn níbẹ̀. Èyí tí mo rí, déètì ẹ̀ wà lórí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí sítíkà míì. Mo fi èékánná họ ọ́, èyí tó wà lábẹ́ ti kú tipẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ lọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣeé padà lọ, ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á, ẹ mú rúlà àti báírò dání. Ẹni tó bá ní ọjà gidi ò ní bínú. Ẹ sì bi àwọn tekinọ́lọ́jísìtì láàbù yín kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, púpọ̀ nínú nǹkan tó ń tà fún yín yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó pèsè ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Kí n tó gbàgbé, mo ti rí ẹnì kan tó gbé tiẹ̀ sí gúrúpù àwọn 100 level láàárọ̀ yìí, "neatly used, antisera ṣì kún". Ìwọ ọmọ yẹn, mo mọ̀ pé o máa ka èyí, jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.